Bí Ọta Ṣe Mọ Ọ̀nà: Ìtàn Ìbọn Ìléwọ́ Onísìlíńdà Ayé Ẹ̀tù Dúdú

Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun? Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹ̀rù ìbọn ti máa ń ba ènìyàn kí ọta tó jáde rárá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà lábẹ́ òwe yìí tí a kì í sábà yẹ̀ wò: ìbọn tí a dojú rẹ̀ kọ ènìyàn, ṣé yóò bà á? Láti ọdún 1836 títí di nǹkan bí ọdún 1873, ìbéèrè yìí ni àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bá wọ̀yá ìjà lórí ìbọn ìléwọ́ tí ń lo ẹ̀tù dúdú. Èyí tó yani lẹ́nu jù ni pé àwọn tó wá rí ìdáhùn tó kún kì í ṣe ọmọ ogun, wọn kì í sì í ṣe káúbọ́ì. Àwọn ènìyàn tí wọ́n dáyé ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà ni, tí wọ́n ń yìnbọn lu bébà lásán.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ ti wo sinimá káúbọ́ì ní kékeré yóò rántí bí nǹkan ṣe máa ń rí. Ọkùnrin kan á dúró láàárín títì, á fa ìbọn yọ láti ìbàdí, kò ní fojú sun ohunkóhun, ọta kan ṣoṣo á sì ti gbé fìlà kúrò lórí ọ̀tá rẹ̀. Irọ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ìdí tó fi jẹ́ irọ́, inú ẹ̀tù ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Èédú, imí ọjọ́ àti iyọ̀ kan tí ń mú iná ràn ni a pò pọ̀ di ẹ̀tù dúdú. Bí ó bá jóná, ohun tó ju ìdajì rẹ̀ lọ ni kì í di afẹ́fẹ́. Ó ń di èéfín funfun tí ń bo ojú, ó sì ń di ìdọ̀tí dúdú tí ń lẹ̀ mọ́ ara irin. Ìdọ̀tí yìí ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ó ń le, ó ń dí ihò, ó sì ń jẹ irin. Ìbọn tó bá ta dáadáa ní ọta kìíní lè má rí bẹ́ẹ̀ mọ́ ní ọta kẹwàá. Àwọn ọdẹ wa tó ń lo ṣakabùlà mọ ọ̀rọ̀ yìí dunjú. Omi gbígbóná ni wọ́n fi ń fọ inú ìbọn, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí ó bá sùn pẹ̀lú ìdọ̀tí, yóò jí pẹ̀lú ìpẹtà.

Inú ṣakabùlà ń dán bọ̀rọ́ ni, kò sí ìlà kankan níbẹ̀. Ọta tó gba inú irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ jáde ń lọ bí òkúta tí ọmọdé jù, ó lè yà sọ́tùn-ún, ó lè yà sósì. Ìlà tí ń lọ́ yípo nínú ọ̀pá ìbọn ni ó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ìlà wọ̀nyí ń mú kí ọta máa yí bí òkòtó. Ẹni tó bá ta òkòtó rí mọ̀ pé níwọ̀n ìgbà tó bá ń yí, yóò dúró ṣánṣán. Ìgbà tó bá rẹ̀ ẹ́ ni yóò ṣubú. Nínú ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó fi ìbọn oníhò-ẹ̀yìn tó ní irú ìlà báyìí ránṣẹ́ sí àwọn Èkìtìparapọ̀, ọwọ́ Ìbàdàn tó gbójú lé ṣakabùlà sì kọ́kọ́ há. Ẹ̀tù kan náà ni, òjé kan náà ni. Ọ̀nà tí òjé gbà jáde ni ó yàtọ̀.

Ìbọn gígùn nìyẹn. Ti ìléwọ́ onísìlíńdà le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Samuel Colt, tí a bí ní Hartford ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní ọdún 1814, gba ìwé àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà lórí iṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1836. Ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Paterson ní New Jersey. Ìbọn rẹ̀ ní ihò márùn-ún nínú sìlíńdà kan tí ń yí lẹ́yìn ọ̀pá ìbọn kan ṣoṣo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojú inú wo yàrá márùn-ún tí wọ́n jọ ń lo ẹnu ọ̀nà kan. Nínú ìbọn ọlọ́pá kan, ibi tí a ki ẹ̀tù sí náà ni ọta ń gbà jáde. Nínú ti Colt, ọta gbọ́dọ̀ kúrò nínú yàrá rẹ̀, kó fo àlàfo tín-ín-rín kan, kó tó wọ ẹnu ọ̀nà. Bí yàrá náà kò bá dọ́gba pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ní ìwọ̀n irun orí, etí ọ̀pá yóò fá òjé kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan ọta, ọta tó bá sì ti fi ẹ̀gbẹ́ kan gbọgbẹ́ kò lè lọ tààrà mọ́. Ìṣòro márùn-ún ni ó kó sínú ìbọn kan, nítorí yàrá kọ̀ọ̀kan ní àṣìṣe tirẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ki ìbọn Paterson gbọ́dọ̀ tú ọ̀pá rẹ̀ kúrò. Ọdún 1839 ni Colt tó fi ọ̀pá ìkìbọn kékeré kan sí abẹ́ rẹ̀, tí a ń tẹ̀ bí ẹni tẹ ọwọ́ ẹ̀rọ omi. Ohun kékeré ni lójú, ṣùgbọ́n èmi gbà pé òun ni àtúnṣe tó tóbi jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí. Ìdí ni pé ó jẹ́ kí a lè fi agbára ti ọta tó tóbi díẹ̀ ju ihò lọ wọlé. Etí ihò á gé òrùka òjé tẹ́ẹ́rẹ́ kúrò lára ọta, ohun tó kù á sì há mọ́ ihò pinpin. Òrùka òjé tó já bọ́ sílẹ̀ yẹn ni ẹ̀rí pé ọta ti dí ojú ọ̀nà. Bí kò bá dí i, iná yàrá kan lè ràn mọ́ ẹ̀tù inú yàrá kejì, kí ìbọn náà sì ró lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ ti ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn léṣe.

Ilé iṣẹ́ Paterson kógbá sílé ní ọdún 1842. Ogun Amẹ́ríkà pẹ̀lú Mexico ni ó jí Colt dìde. Samuel Walker, ọ̀gágun kan tó ti bá àwọn Texas Rangers ṣiṣẹ́, bá a jókòó, wọ́n sì jọ ṣe ìbọn tuntun kan ní ọdún 1847. Ìbọn Walker wúwo tó kílógíráàmù méjì, ihò mẹ́fà ni ó ní, ihò kọ̀ọ̀kan sì ń gba ẹ̀tù tó gíráàmù mẹ́rin. Kí ni ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Agbára ìbọn náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pá ìkìbọn abẹ́ rẹ̀ fi máa ń já wálẹ̀ bí ó bá ti ró, tí yóò sì dí sìlíńdà lọ́wọ́ láti yí. Sìlíńdà àwọn mìíràn bẹ́ mọ́ àwọn ọmọ ogun lọ́wọ́. Walker fúnra rẹ̀ kú sójú ogun ní Huamantla ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ẹni tó bá rò pé ẹ̀tù púpọ̀ ni ó ń mú ìbọn ta dáadáa, kó wo ìbọn yìí.

Ọdún 1851 ni ìbọn tí gbogbo ayé mọ̀ jáde, èyí tí a ń pè ní Navy nítorí àwòrán ogun ojú omi Texas ti ọdún 1843 tí a fín sára sìlíńdà rẹ̀. Ó fúyẹ́, ihò rẹ̀ kò ju 0.36 ínṣì lọ, ọ̀pá rẹ̀ gùn tó ínṣì méje àtààbọ̀, ó sì jókòó sọ́wọ́ dáadáa. Ilé iṣẹ́ Hartford ṣe èyí tó ju 200,000 lọ kó tó dáwọ́ dúró ní ọdún 1873. Síbẹ̀, ẹ wo ibi tí wọ́n fi ojú ìbọn sí! Níwájú, èso bàbà kékeré kan ni. Lẹ́yìn, orí òòlù tí ń lu ìbọn gan-an ni wọ́n gé kòròfo kékeré sí, èyí tí a kò lè rí àfi bí a bá fa òòlù sẹ́yìn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n ojú tí ìbọn yìí ní wà lára ohun tí ń mì. Yàtọ̀ sí èyí, èèkàn irin pẹlẹbẹ kan ṣoṣo ni ó so ọ̀pá ìbọn mọ́ ara ìyókù. Bí a bá gbá èèkàn náà wọlé jù, sìlíńdà yóò há. Bí kò bá wọlé tó, ọ̀pá yóò máa ṣe jẹ́gẹ́jẹ́gẹ́. Lókè gbogbo rẹ̀, nítorí pé èso iwájú kúrú, ìbọn náà máa ń gbà sókè bí ohun tí a ń ta kò bá jìnnà. Ẹni tó bá wà ní mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí àmì gbọ́dọ̀ fojú sun ìsàlẹ̀ kó tó lè ba àárín.

Irú ìbọn yìí ni a gbà pé ó wà lọ́wọ́ James Butler Hickok, tí ayé ń pè ní Wild Bill, ní ọjọ́ 21 oṣù keje ọdún 1865 ní ìlú Springfield, Missouri. Ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ ni ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti Davis Tutt. Tutt gba aago Hickok nítorí gbèsè, Hickok sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ gbé e kọjá ní gbangba. Tutt gbé e jáde. Wọ́n dúró ní ìwọ̀n yáàdì márùndínlọ́gọ́rin síra wọn, ìyẹn nǹkan bí mítà mọ́kàndínláàádọ́rin, wọ́n fa ìbọn yọ, ìbọn méjèèjì sì ró fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ti Tutt tàsé. Ti Hickok wọ Tutt láyà, Tutt sì kú. Wọ́n gbé Hickok lọ sí ilé ẹjọ́ lóṣù tó tẹ̀lé e, àwọn ìgbìmọ̀ sì dá a láre.

Ìtàn náà kò ṣeé fi ṣeré, ẹ̀mí ènìyàn ni ó bá a lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìbọn nìkan, ohun tó jọni lójú ni bí ó ti jìnnà tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè fi ìbọn ìléwọ́ òde òní ba ènìyàn ní ọ̀nà tó tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan sọ pé Hickok gbé ìbọn lé apá rẹ̀ kejì kó má baà mì, ó sì dájú pé ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń yìnbọn láti ìbàdí. Èrò tèmi ni pé àléébù ìbọn náà gan-an lè ti ràn án lọ́wọ́: ìbọn tí ń gbà sókè nítòsí, ọta rẹ̀ yóò ti máa sọ̀kalẹ̀ bọ̀ sójú àmì bí ọ̀nà bá ti jìn. George Ward Nichols kọ nípa Hickok nínú ìwé ìròyìn Harper's ní oṣù kejì ọdún 1867, láti ìgbà náà ni àbùmọ́ sì ti gba ìtàn náà mọ́ òtítọ́ lọ́wọ́. Ìgbà tí wọ́n pa Hickok fúnra rẹ̀ ní Deadwood ní ọdún 1876, ẹ̀yìn ni Jack McCall ti yìnbọn fún un, nítòsí pẹ́kípẹ́kí. Ìyẹn kò nílò ojú ìbọn kankan.

Àwọn mìíràn ti rí àléébù iṣẹ́ Colt. Robert Adams ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1851 lórí ìbọn tí ọ̀pá àti ara rẹ̀ jẹ́ irin kan ṣoṣo, tí afárá irin kọjá lórí sìlíńdà. Èyí le gírígírí, ṣùgbọ́n apátí nìkan ni a fi ń gbé òòlù rẹ̀ sókè, fífa rẹ̀ sì wúwo débi pé ọwọ́ máa ń yẹ̀ kó tó ró. Beaumont ni ó tún ìyẹn ṣe ní 1855. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Remington ṣe ìbọn tirẹ̀ tó ní afárá lókè, wọ́n sì gbẹ́ ojú ìbọn sára afárá náà, níbi tí kò ti lè mì. Ìwé àṣẹ ọdún 1858 ni a kọ sára rẹ̀. Nígbà tí iná jó ilé iṣẹ́ Colt ní oṣù kejì ọdún 1864, Remington ni ìjọba túbọ̀ gbójú lé. Ẹni tó bá bi mí léèrè, Remington ni ìbọn tó dára jù nínú méjèèjì fún ẹni tó fẹ́ ba àmì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irin tín-ín-rín tí sìlíńdà rẹ̀ ń yí lé lórí tètè máa ń há nítorí ìdọ̀tí ẹ̀tù, nígbà tí irin ńlá ti Colt ṣì ń yí.

Ayé wọn kò pẹ́. Ìwé àṣẹ Rollin White lórí sìlíńdà tí a lu já parí ní ọdún 1869, gbogbo ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ìbọn oníkátíríìjì. Ní ọdún 1884, Paul Vieille ní ilẹ̀ Faransé ṣe ẹ̀tù tí kò ní èéfín. Ẹ̀tù dúdú di ohun àná.

Ọ̀rọ̀ ìfojúsùn kò kú. Ọ̀gbẹ́ni Walter Winans, ọmọ Amẹ́ríkà tó fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ibùgbé, kọ odindi ìwé lórí bí a ṣe ń yin ìbọn onísìlíńdà ní ọdún 1901. Ó gba góòlù Olympic nínú ìbọn yíyìn ní 1908, ó sì tún gba góòlù mìíràn ní 1912, kì í ṣe nínú ìbọn mọ́, nínú ère gbígbẹ́ ni! Ó dá mi lójú pé ọwọ́ tó ń gbẹ́ ère àti ọwọ́ tó ń yìnbọn kò jìnnà síra.

Àjíǹde ìbọn àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1950, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ N-SSA sílẹ̀ láti máa fi ìbọn ayé ogun abẹ́lé díje. Ìbọn àtijọ́ wọ́n, kò sì pọ̀. Val Forgett, olówó Navy Arms, wá kọjá sí Gardone Val Trompia ní ilẹ̀ Ítálì, ìlú tó ti ń rọ ìbọn láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, ó ní kí wọ́n bá òun ṣe ẹ̀dà ìbọn Colt. Aldo Uberti dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1959, Pietta sì tẹ̀lé e.

Ìgbà tí ẹ̀dà wọ̀nyí dé ọwọ́ àwọn adíje ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí wọn ohun tí àwọn baba ńlá wọn kò ní irin iṣẹ́ láti wọ̀n. Wọ́n rí i pé ihò sìlíńdà ọ̀pọ̀ ìbọn kéré ju ìsàlẹ̀ ìlà inú ọ̀pá lọ. Ọta tó bá gba inú ihò bẹ́ẹ̀ ti tín-ín-rín kó tó dé inú ọ̀pá. Kò ní kún ìlà náà, ìlà kò sì ní rí i dì mú láti yí i. Ìyẹn ni òkòtó tí okùn kò wé mọ́ dáadáa. Oògùn rẹ̀ ni kí oníṣẹ́ ìbọn fẹ ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lójú, kí wọ́n tóbi ju ìsàlẹ̀ ìlà lọ díẹ̀ báyìí, kó sì gbẹ́ ẹnu ẹ̀yìn ọ̀pá ní ọ̀nà tí yóò fi gba ọta wọlé pẹ̀lẹ́. Nínú gbogbo àtúnṣe tí a lè ṣe sí irin, kò sí èyí tó kó èso jọ tó èyí.

Èyí tó kù wà lọ́wọ́ ayìnbọn fúnra rẹ̀, ó sì jọ iṣẹ́ ilé ìdáná. Òjé gidi tí kò ní àdàlù ni ó ń yọ́, nítorí òjé líle kì í gba ọ̀pá ìkìbọn gbọ́. Ó ń wọn ọta kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n, èyí tó bá fúyẹ́ ti ní afẹ́fẹ́ nínú, á dà á padà sínú ìkòkò. Ó ń dín ẹ̀tù kù: ibi tí sójà ti ń ki ìbọn 0.44 kún dẹ́nu, adíje kì í fi ju nǹkan bí gíráàmù kan àtààbọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀tù díẹ̀ yóò jẹ́ kí ọta jókòó sísàlẹ̀ ihò, yóò sì rin ìrìn gígùn kó tó wọ ọ̀pá. Kí ni wọ́n wá fi dí àlàfo náà? Sẹ̀mó ni! Sẹ̀mó tí àwa ń rò fi jẹ ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń dà lé ẹ̀tù lórí, kí ọta lè gòkè dé itòsí ẹnu ihò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi ọ̀rá sí i, bóyá lórí ọta, bóyá nínú òwú tí a tẹ̀ sáàárín, kí ìdọ̀tí lè máa rọ̀ dípò kó máa le. Àwọn mìíràn kọ nọ́ńbà sára ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń ta ìkọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ láti mọ èyí tí ń ṣe aláìgbọràn.

Níbí ni àríyànjiyàn ti wọlé. Bí a bá fẹ ihò, tí a pààrọ̀ èso iwájú sí èyí tó ga, tí a dán apátí títí ó fi fúyẹ́, ṣé ìbọn ọdún 1851 náà ló ṣì wà lọ́wọ́ wa? Ilé iṣẹ́ Ruger ní Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú lórí ìyẹn. Láti 1972 sí 2008, ó ṣe ìbọn ẹlẹ́tù dúdú kan tó ń jẹ́ Old Army, pẹ̀lú irin òde òní àti, lára èyí tó pọ̀, ojú ìbọn tí a lè yí sọ́tùn-ún sósì. Ìbọn náà le, ó sì ń ta dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí baba fún un nínú ìtàn. MLAIC, ẹgbẹ́ àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1971, di òfin tirẹ̀ mú ní tirẹ̀: ẹ̀dà gbọ́dọ̀ jọ ìbọn kan tó ti wà rí, ọwọ́ kan ni a fi ń yìn ín, àmì wà ní mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ọta mẹ́tàlá ni láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mẹ́wàá tó dára jù ni a ó sì kà. Èmi wà lẹ́yìn MLAIC. Bí a bá mú ìṣòro kúrò pátápátá, kí ni a wá ń kọ́ lára àwọn tó ṣiṣẹ́ náà ṣáájú wa?

Láàárín òfin yìí ni ìbọn kan tí ayé ti gbàgbé ti rí ipò. Rogers & Spencer, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Willowvale ní ìpínlẹ̀ New York, gba iṣẹ́ 5,000 ìbọn fún ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Afárá rẹ̀ le, ọwọ́ rẹ̀ dùn ún mú. Ọdún 1865 ni wọ́n kó o dé, ogun sì ti ń parí lọ. Wọn kò pín in fún ẹnikẹ́ni. Ó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí títí di 1901, tí ìjọba tà á fún Bannerman oníṣòwò ẹrù ogun àlòkù. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ Feinwerkbau ní Jámánì ṣe ẹ̀dà rẹ̀, pẹ̀lú ihò àti ìlà tó bá ara wọn mu láti ilé iṣẹ́ wá, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn ìbọn tí àwọn adíje ń wá kiri jù lọ.